Kí Fọ́ọ̀mù Tó Ṣí: Àgbéyẹ̀wò Ọ̀nà Ilé-Ẹ̀kọ́ PA ní Amẹ́ríkà

Bí ọmọ Yorùbá kan ní Houston tàbí ní Maryland bá sọ nílé pé òun fẹ́ lọ kọ́ṣẹ́ PA, ìbéèrè tí yóò kọ́kọ́ pàdé ni pé, "Kí ló dé tí o ò kúkú ṣe dókítà?" Bí ìyá rẹ̀ bá wá gbọ́ ohun tí lẹ́tà méjèèjì yẹn dúró fún, physician assistant, ọ̀rọ̀ á tún burú sí i. Ohun tó máa yé e ni ọmọ iṣẹ́ dókítà, ẹni tó ń gbé báàgì tẹ̀ lé ọ̀gá. Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí nílé ìkómọ, mo ti gbọ́ ọ níta ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn, ó sì ti mú kí ọ̀pọ̀ ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣiyèméjì.

Ẹ jẹ́ ká tètè yanjú èyí. PA a máa yẹ aláìsàn wò, a máa ní kí wọ́n lọ ṣàyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tàbí kí wọ́n lọ ya fọ́tò egungun, a máa ka èsì rẹ̀, a máa sọ ohun tó ń ṣe aláìsàn, a sì máa kọ oògùn fún un. Nínú gbogbo ìpínlẹ̀ 50, kò sí èyí tí kò fún un láṣẹ oògùn kíkọ. Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, òun ló sábà máa ń dúró ní òdìkejì tábìlì, tí yóò máa ran oníṣẹ́ abẹ lọ́wọ́, tí yóò sì rán ojú ọgbẹ́ pa. Òun àti dókítà jọ ń ṣiṣẹ́ ni, bí òfin sì ṣe so wọ́n pọ̀ yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ kan sí òmíràn. Ẹni tó ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wa, tó ń bi wá ní oògùn tí à ń lò kí dókítà tó wọlé, medical assistant nìyẹn, iṣẹ́ ọ̀tọ̀ gbáà ni. Àwọn PA fúnra wọn mọ̀ pé orúkọ yẹn ń ṣi aráyé lọ́nà. Lọ́dún 2021, ẹgbẹ́ wọn, AAPA, dìbò pé physician associate ni kí iṣẹ́ náà máa jẹ́, ìpínlẹ̀ Oregon sì sọ ọ́ di òfin lọ́dún 2024. Àwọn ará ilé wa ní Britain yóò ṣàkíyèsí pé òdìkejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn: associate ni wọ́n ń jẹ́ níbẹ̀, ìròyìn tí Gillian Leng kọ fún ìjọba ní oṣù keje ọdún 2025 sì dámọ̀ràn pé kí wọ́n padà máa jẹ́ assistant. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀ yàtọ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Ti Amẹ́ríkà ni mo ń sọ níbí.

Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí àwọn tó ń ka fọ́ọ̀mù ń wá, kó kọ́kọ́ mọ bí iṣẹ́ náà ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó fi máa di àárín àwọn ọdún 1960, dókítà ti wọ́n ní ìgbèríko Amẹ́ríkà. Ní Yunifásítì Duke ní North Carolina, Dókítà Eugene Stead àti nọ́ọ̀sì kan, Thelma Ingles, ti gbìyànjú láti fún àwọn nọ́ọ̀sì ní ẹ̀kọ́ ìṣègùn tó jinlẹ̀, ṣùgbọ́n àjọ tó ń fọwọ́ sí ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kò gbà. Stead wá yíjú sí àwọn ọmọ ogun ojú omi tó ti máa ń tọ́jú ẹni tó fara gbọgbẹ́, tí wọ́n padà sílé tí kò sì síṣẹ́ tó bá ohun tí wọ́n mọ̀ mu. Mẹ́rin nínú wọn ló bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1965; mẹ́ta gboyè ní ọjọ́ 6 oṣù kẹwàá ọdún 1967. Àpẹẹrẹ kan sì ti wà nítòsí tí àwọn ará Duke mọ̀ dáadáa. Ní ìlú kékeré Garland ní ìpínlẹ̀ kan náà, Dókítà Amos Johnson ti fọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ ọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Henry Treadwell, níṣẹ́, ó sì ń fọkàn tán an láti dá àwọn aláìsàn lóhùn bí òun kò bá sí nílé.

Ìdí tí mo fi ń sọ ìtàn yìí ni pé àwọn tí ọwọ́ wọn ti kan aláìsàn rí ni wọ́n dá iṣẹ́ náà sílẹ̀ fún. Dókítà máa ń kàwé tán kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú ènìyàn. PA gbọ́dọ̀ ti tọ́jú ènìyàn kó tó wá kàwé. Ìyẹn ló fà á tí ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ fi ń béèrè wákàtí ìtọ́jú aláìsàn, láti 500 dé 2,000, kí wọ́n tó ka ohunkóhun mìíràn. Ibí yìí gan-an ni àwọn ènìyàn wa ti ní ohun tí ọ̀pọ̀ kò ní. Ẹ wo ilé ìtọ́jú arúgbó ní Prince George's County, ní Bronx, ní Chicago. Ta ló ń yí àgbàlagbà padà lórí ibùsùn ní agogo mẹ́ta òru kí egbò má baà dá sí i lára? Ta ló ń wẹ̀ wọ́n, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń kọ ìwọ̀n ìtọ̀ wọn sílẹ̀? Àwọn ìyá wa, àwọn ẹ̀gbọ́n wa, àwọn ọmọ wa tó ń fi iṣẹ́ olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, CNA, sanwó ilé-ẹ̀kọ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ń fi iṣẹ́ yẹn pamọ́, wọn kì í fẹ́ kí wọ́n gbọ́ nílé. Lójú ilé-ẹ̀kọ́ PA, iṣẹ́ yẹn ni ìwé ẹ̀rí tó wúwo jù lọ́wọ́ wọn. Ẹni tó ṣe CNA fún ọdún kan gbáko, ogójì wákàtí lọ́sẹ̀, ti ní nǹkan bí 2,000 wákàtí.

Ṣùgbọ́n wákàtí kò dọ́gba. Fọ́ọ̀mù pín wọn sí ọ̀nà méjì: èyí tí ènìyàn fọwọ́ ara rẹ̀ tọ́jú aláìsàn, àti èyí tó kàn ṣẹlẹ̀ nílé ìwòsàn. CNA, ẹni tó ń gba ẹ̀jẹ̀, òṣìṣẹ́ ọkọ̀ pàjáwìrì tó ń jẹ́ EMT, nọ́ọ̀sì, wọ́n wà ní apá kìíní. Ẹni tó jókòó síbi gbígba orúkọ àti ẹni tó ń gbé oúnjẹ kiri wọ́ọ̀dù wà ní apá kejì. Iṣẹ́ akọ̀wé tó ń tẹ̀ lé dókítà wà láàárín. Ilé-ẹ̀kọ́ kan á gbà á, òmíràn kò ní gbà á. Títọ́jú ìyá àgbà tiwa nílé, bó ti wù kó nira tó, wọn kì í kà á, nítorí kò sí ọ̀gá tó lè jẹ́rìí sí i. Nítorí náà, kí ènìyàn tó fi ọdún kan ṣe iṣẹ́ kan torí fọ́ọ̀mù, kó ka ohun tí ilé-ẹ̀kọ́ tó ń fojú sùn kọ síta nípa iṣẹ́ náà. Kó sì máa kọ wákàtí rẹ̀ sílẹ̀ láti ọjọ́ àkọ́kọ́, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó ń bójú tó o, nítorí ọ̀gá a máa kúrò níbi iṣẹ́, ilé iṣẹ́ a sì máa wọlẹ̀.

Gíréèdì ni ìdíwọ̀n kejì, òun ló sì ń ṣẹ́gun ọ̀pọ̀ ènìyàn. GPA 3.0 ni ilé-ẹ̀kọ́ sábà máa ń kọ síta pé ènìyàn kò gbọdọ̀ rẹlẹ̀ sí, ṣùgbọ́n nǹkan bí 3.5 sí 3.6 ni àwọn tó ń wọlé máa ń ní. Wọ́n á wo ẹ̀kọ́ ẹ̀yà ara àti bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, kẹ́místírì, ẹ̀kọ́ kòkòrò àìfojúrí, ìṣirò sítátísíìkì, nígbà mìíràn kẹ́místírì oníkábọ́nù àti báyókẹ́místírì. CASPA, ibùdó kan ṣoṣo tí ọ̀pọ̀ jù lọ ilé-ẹ̀kọ́ ti ń gba ìwé láti ọdún 2001, a máa ṣírò GPA fúnra rẹ̀. Ohun tó yẹ kí gbogbo ọmọ ọdún kìíní ní yunifásítì mọ̀ nìyí: bí o bá gba D nínú kẹ́místírì, tí o tún un ṣe tí o sì gba A, ilé-ẹ̀kọ́ rẹ lè pa D yẹn rẹ́, CASPA kò ní pa á rẹ́. Méjèèjì ló máa kà. Mo rò pé ó ṣe é ṣe láti dìde lẹ́yìn irú ìṣubú bẹ́ẹ̀, bí ènìyàn bá ṣe sẹ́mẹ́sítà méjì mẹ́ta tó mọ́ láìsí àbààwọ́n lẹ́yìn rẹ̀, nítorí àwọn tó ń ka ìwé máa ń wo ibi tí gíréèdì dojú kọ. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀nà ìkọ̀kọ̀ tí yóò bò ó mọ́lẹ̀.

Ẹni tó kàwé ní Nàìjíríà ní ẹrù mìíràn láti gbé. Ó gbọ́dọ̀ jẹ́ kí àjọ bíi WES gbé ìwé rẹ̀ yẹ̀ wò kọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n túmọ̀ gíréèdì rẹ̀ sí ti Amẹ́ríkà. Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn náà, ilé-ẹ̀kọ́ púpọ̀ á ṣì ní àwọn kò gba kọ́ọ̀sì sáyẹ́ǹsì tí kì í ṣe ti Amẹ́ríkà. Ẹni náà á lọ tún wọn ṣe ní community college, èyí tí kì í wọ́n. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan kì í gba ẹni tí kò ní green card tàbí ìwé ọmọ onílùú. Ẹ béèrè èyí kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Mo fẹ́ dúró díẹ̀ lórí àwọn dókítà wa. Àwọn kan gboyè ìṣègùn ní Ìbàdàn, ní Ifẹ̀, ní Èkó, wọ́n dé Amẹ́ríkà, wọ́n rí bí USMLE, ìdánwò àṣẹ iṣẹ́ dókítà, àti wíwá ààyè residency ṣe le tó, wọ́n sì rò pé PA ni ọ̀nà àbùjá. Kò sí àbùjá níbẹ̀. Ẹni tó bá gboyè ní ilé-ẹ̀kọ́ tí àjọ ARC-PA fọwọ́ sí nìkan ló lè jókòó ṣe ìdánwò PANCE, èyí tí ẹni tó fẹ́ ṣe PA gbọ́dọ̀ yege, ó sì ṣọ̀wọ́n kí ilé-ẹ̀kọ́ kan fo dókítà òkèèrè kọjá ọdún kìíní. Oyè dókítà kò rọ́pò wákàtí tàbí kọ́ọ̀sì tí wọ́n ń béèrè. Dókítà tó bá mọ èyí tó sì ṣì fẹ́ ẹ lè ṣe é, àwọn kan ti ṣe é. Àánú ẹni tó ná ọdún méjì àti owó ilé kó tó mọ̀ ló ń ṣe mí.

Sí àwọn nọ́ọ̀sì wa, ìmọ̀ràn mi yàtọ̀ pátápátá. Bí o bá ti jẹ́ RN tó ní ìwé ẹ̀rí yunifásítì, ọ̀nà nurse practitioner, nọ́ọ̀sì tó ń yẹ aláìsàn wò tó sì ń kọ oògùn, lè sàn fún ọ ju PA lọ, nítorí ọ̀pọ̀ nínú ilé-ẹ̀kọ́ wọn máa ń jẹ́ kí o máa ṣiṣẹ́ lọ bí o ṣe ń kàwé. Ilé-ẹ̀kọ́ PA kì í fẹ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́ rárá. Ohun tí PA fi jù ú ni pé ó lè ti ẹ̀ka ọkàn bọ́ sí ẹ̀ka egungun, kó ti ibẹ̀ bọ́ sí pàjáwìrì, láìpadà sílé-ẹ̀kọ́. Ẹni tí ìyẹn bá wù ló yẹ kó kọ̀wé.

CASPA máa ń ṣí ní ìparí oṣù kẹrin. Ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ kì í dúró kí gbogbo ìwé pé kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ènìyàn. Bí ìwé ṣe ń dé ni wọ́n ń kà á, tí wọ́n ń pe ẹni tó bá wù wọ́n. Bí ọjọ́ ìparí bá jẹ́ oṣù kẹwàá, tí o sì fi ìwé ránṣẹ́ ní oṣù kẹsàn-án, o kò pẹ́ lójú òfin, ṣùgbọ́n àga ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ilé-ẹ̀kọ́ kan lè gba ìwé tó lé ní 1,000 fún ààyè bíi 50. Àyẹ̀wò ìwé ní CASPA fúnra rẹ̀ lè gba ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kò sì ní bẹ̀rẹ̀ títí gbogbo ìwé èsì yóò fi dé. Ẹni tó bá ń bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí yóò kọ lẹ́tà fún un lẹ́yìn tí fọ́ọ̀mù ti ṣí ti jẹ́ kí ilẹ̀ ṣú. Àwọn àgbà ní ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde.

Lẹ́tà mẹ́ta sí márùn-ún ni CASPA ń gbà. Ó kéré tán, kí ọ̀kan ti ọwọ́ PA kan wá, nítorí ilé-ẹ̀kọ́ fẹ́ mọ̀ pé o ti tẹ̀ lé PA rí, o mọ bí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ ṣe ń rí. Ibí yìí le fún wa. Nínú PA 100 ní Amẹ́ríkà, aláwọ̀ dúdú kò tó márùn-ún, nítorí náà ọ̀pọ̀ ọmọ wa kò ní ẹnìkan nínú ẹbí tàbí nínú ìjọ tí wọ́n lè pè. Níbi iṣẹ́ CNA tàbí nílé ìwòsàn tí dókítà ìdílé wà ni wọ́n ti lè bẹ PA tó wà níbẹ̀ pé kó jẹ́ kí wọ́n tẹ̀ lé òun fún ọjọ́ díẹ̀. PA Yorùbá tó bá ń ka èyí, ẹ jọ̀ọ́, bí ọmọ kan bá kọ lẹ́tà sí yín, ẹ dá a lóhùn.

Àkọsílẹ̀ ìdí tí ènìyàn fi fẹ́ iṣẹ́ náà kò gbọdọ̀ ju lẹ́tà 5,000 lọ, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà lára rẹ̀. Mo ti bá àwọn ọmọ kan ka tiwọn. Ìtàn kan náà ló sábà máa ń bẹ̀rẹ̀ rẹ̀: ìyá àgbà ṣàìsàn ní ìlú wa, kò sí dókítà nítòsí, ó kú, mo sì pinnu láti máa wo aláìsàn. Òótọ́ ni ìtàn náà, ó sì ń dun ènìyàn. Ṣùgbọ́n dókítà ló ń bẹ̀bẹ̀ fún, kò sọ̀rọ̀ PA rárá. Ohun tí ẹni tó ń ka ìwé yẹn fẹ́ mọ̀ ni ìdí tí o kò fi ṣe dókítà, tí o kò fi ṣe nọ́ọ̀sì. Sọ ohun tí o rí lẹ́nu iṣẹ́: òru kan tí PA kan dé sí wọ́ọ̀dù, bó ṣe bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ohun tó mọ̀ tí ìwọ kò mọ̀, ìgbà tó pe dókítà àti ìdí tó fi pè é. Ẹni tó ti ṣe wákàtí rẹ̀ lóòótọ́ kò ní wá irú ìtàn bẹ́ẹ̀ tì.

Lẹ́yìn èyí ni ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ kan á ní kí o máa lọ láti tábìlì kan sí òmíràn, ìṣẹ́jú díẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Àwọn mìíràn á kó ènìyàn mẹ́fà jọ pé kí wọ́n jọ yanjú ọ̀ràn kan, wọ́n á sì máa wo ẹni tó ń gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ọmọ tí a kọ́ pé kó má máa wo àgbà lójú nílé gbọ́dọ̀ mọ̀ pé níbẹ̀, wọ́n lè rò pé ó ń fi nǹkan pamọ́. Kó wò wọ́n lójú. Kó má sì rò pé ìwà ọmọlúàbí tí a kọ́ ọ di àléébù: ọmọ tó lè jókòó ti àgbàlagbà tí etí rẹ̀ ti di, kó sì fara balẹ̀ tún ọ̀rọ̀ sọ lẹ́ẹ̀mẹta, ní ohun tí wọ́n ń wá.

Owó wá kù, òun ló sì ń kọ mí lóminú jù. Kíkọ fọ́ọ̀mù nìkan ń náni ní nǹkan bí 180 dọ́là fún ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́ àti nǹkan bí 60 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan tó bá tẹ̀ lé e. Ilé-ẹ̀kọ́ mẹ́wàá á lé ní 700, ká má tíì sọ owó tí àwọn kan ń gbà lọ́tọ̀. Ètò ìrànlọ́wọ́ wà fún ẹni tówó rẹ̀ kéré, ẹni tó bá tètè dé ló ń jẹ ẹ́. Èsúsú lè gbé èyí. Èsúsú kò lè gbé ilé-ẹ̀kọ́. Nǹkan bí oṣù 27 ni ẹ̀kọ́ náà, apá àkọ́kọ́ ní kíláàsì, apá kejì nílé ìwòsàn, ní ẹ̀ka ọmọdé, pàjáwìrì, iṣẹ́ abẹ, àìsàn ọpọlọ àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ní ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ aládàáni, owó ẹ̀kọ́ ti kọjá 100,000 dọ́là kí ènìyàn tó jẹun tàbí san owó ilé. Tẹ́lẹ̀, ìjọba àpapọ̀ máa ń yá akẹ́kọ̀ọ́ ní gbogbo owó náà nípasẹ̀ ẹ̀yáwó Grad PLUS. Òfin tí wọ́n fọwọ́ sí ní ọjọ́ 4 oṣù keje ọdún 2025 ti ìlẹ̀kùn yẹn mọ́ àwọn tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í yáwó láti ọjọ́ 1 oṣù keje ọdún 2026. Akẹ́kọ̀ọ́ másítà kò lè yá ju 20,500 dọ́là lọ́dún lọ. Wọ́n ya àwọn iṣẹ́ kan sọ́tọ̀, bíi ìṣègùn àti òfin, tí wọ́n lè yá dé 50,000 lọ́dún, ṣùgbọ́n PA kò sí nínú àwọn tí ìgbìmọ̀ ilé-iṣẹ́ ètò ẹ̀kọ́ fẹnu kò lé lórí ní oṣù kọkànlá ọdún 2025.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Bí oṣù 27 bá tilẹ̀ kan ọdún ẹ̀kọ́ mẹ́ta, 61,500 dọ́là ni gbogbo ohun tí ìjọba máa yáni. Níbo ni ìyókù yóò ti wá? Báńkì. Báńkì á sì béèrè onígbọ̀wọ́. Láwùjọ wa, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò bàbá ni wọ́n máa ń bẹ̀ kó fọwọ́ sí i, ìtìjú kì í sì í jẹ́ kó kọ̀. Kó yé gbogbo ilé pé ẹni tó fọwọ́ sí i ti jẹ gbèsè náà: bí ọmọ bá ṣubú ní ọdún kìíní, báńkì á kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Èrò mi ni pé látìsinsìnyí lọ, ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba ní ìpínlẹ̀ tí ènìyàn ń gbé ló yẹ kó ṣíwájú nínú ìwé, orúkọ ńlá kankan kò sì tó ìdí láti kọjá rẹ̀. Ètò National Health Service Corps wà pẹ̀lú, tó ń bá PA san gbèsè bó bá gbà láti ṣiṣẹ́ ọdún méjì níbi tí dókítà kò tó. Ó ní ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ fún àwọn tó tètè pinnu. Owó iṣẹ́ náà dára: ní oṣù karùn-ún ọdún 2023, ìdajì àwọn PA ní Amẹ́ríkà ń gbà ju 130,020 dọ́là lọ́dún. Àmọ́ ẹni tó bá parí nìkan ló ń gbà á.

Bí a bá wá fẹ́ yan ilé-ẹ̀kọ́ nínú àwọn tó lé ní 300, ohun méjì ni kí a kọ́kọ́ wò, méjèèjì sì wà lójú ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kọ̀ọ̀kan, nítorí ARC-PA fi dandan lé e pé kí wọ́n gbé e síta. Èkíní ni iye akẹ́kọ̀ọ́ wọn tó yege PANCE ní ìgbà àkọ́kọ́ fún ọdún márùn-ún. Ìdánwò ìbéèrè 300 ni, àwọn tó ń yege ní ìgbà àkọ́kọ́ jákèjádò orílẹ̀-èdè sì máa ń lé ní 90 nínú 100, nítorí náà ilé-ẹ̀kọ́ tó bá ń wà nísàlẹ̀ 85 lọ́dọọdún ní àlàyé láti ṣe. Èkejì, tí àwọn ènìyàn kì í wò, ni iye àwọn tó bẹ̀rẹ̀ tí wọn kò parí. Ilé-ẹ̀kọ́ tó ń lé ènìyàn mẹ́wàá dànù nínú 50 lè ní èsì PANCE tó ń dán. Kí a sì wo bóyá ARC-PA ti fọwọ́ sí wọn pátápátá, bóyá wọ́n ṣì wà lábẹ́ ìdánwò. Fún àwọn tó fẹ́ ibi tí wọ́n ti máa rí ojú tó jọ tiwọn, Morehouse School of Medicine ní Atlanta, Xavier ní New Orleans, Meharry ní Nashville àti Charles R. Drew ní Los Angeles ní ètò PA.

Bí wọn kò bá gbà ọ́ lọ́dún àkọ́kọ́, rántí pé ọ̀pọ̀ ni wọn kò gbà lọ́dún àkọ́kọ́ tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́ lónìí. Kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ kí o béèrè ohun tó kù. Àwọn kan máa ń dáhùn. Má fi ìwé kan náà ránṣẹ́ padà láì tún un ṣe.

CASPA tún máa ṣí ní ìparí oṣù kẹrin tó ń bọ̀. Ẹni tó bá ń rò ó, kó béèrè ìwé èsì rẹ̀ lọ́wọ́ gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ tó ti lọ kí oṣù yìí tó parí. Èyí tó ń ti Nàìjíríà bọ̀ ló máa ń pẹ́ jù.